Lẹ́yìn tí Oògùn bá ti Wọlé: Ṣíṣọ́ Ọpọlọ tó Wú láìlu Agbárí

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ẹbí aláìsàn máa ń bi àwa nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù tí a ti ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn wú, ó rọrùn láti bi, ó sì ṣòro láti dáhùn: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wíwú náà ti ń rọlẹ̀?" Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló wú, ojú á rí i, ìka á tẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà yóò sì sọ fúnra rẹ̀ pé bàtà òun ti tún ń wọ òun lẹ́sẹ̀. Ọpọlọ kò fúnni ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Inú egungun ló wà, ẹni tó ni ín sì sábà máa ń wà nínú oorun tí oògùn tàbí àìsàn fà, kò lè sọ bó ṣe ń ṣe é. Nítorí náà, ohun tí à ń ṣe tọ̀sán-tòru ni pé kí a máa wo àwọn ibòmíràn lára, ojú, ẹ̀bátí, bí ọkàn ṣe ń lù àti bí èémí ṣe ń lọ, kí a lè tipa wọn mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ojú kò lè dé.

Ọ̀pọ̀ ohun tí mo ti kà nípa àwọn ọ̀nà ìṣọ́ tí kò béèrè pé kí a lu agbárí ló máa ń wádìí ohun kan ṣoṣo: ǹjẹ́ wọ́n lè rọ́pò túùbù tí dókítà oníṣẹ́ abẹ ń tì bọ inú ọpọlọ? Ìdáhùn rẹ̀ kò le: rárá, kò tíì sí èyí tó lè rọ́pò rẹ̀ pátápátá. Àmọ́ lójú tèmi, ìbéèrè yẹn kò bá ohun tí à ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mu. Ẹni tí a ti ṣe síkáànì fún, tí a ti gbé orí rẹ̀ sókè, tí a sì ti fún ní oògùn, kò nílò ẹ̀rọ tí yóò tún wá sọ fún wa pé ọpọlọ rẹ̀ wú. A ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́, bí agbára rẹ̀ yóò ti pẹ́ tó, àti ìgbà tí wíwú náà bá tún ń padà bọ̀. Fún irú ìbéèrè yìí, ohun èlò tí kò lè sọ nọ́ńbà ìfúnpá ní pàtó lè wúlò gan-an, bí ẹni tó ń lò ó bá ń fi aláìsàn kan náà wé ara rẹ̀ láti wákàtí dé wákàtí.

Ìdí tí wíwú ọpọlọ fi léwu ju ti ibòmíràn lọ kò ṣòro láti lóye. Alexander Monro, olùkọ́ nípa ẹ̀yà ara ní Edinburgh, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1783, George Kellie tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà kan rí sì tẹ̀ síwájú nínú ọ̀rọ̀ náà ní 1824. Agbárí àgbàlagbà dà bí àpótí tí a ti kàn ní ìṣó: kì í fẹ̀ nítorí pé ohun inú rẹ̀ pọ̀ sí i. Nínú àyè tó wà níbẹ̀, ọpọlọ fúnra rẹ̀ gba nǹkan bí ìdá 80 nínú 100, ẹ̀jẹ̀ gba nǹkan bí 10, omi mímọ́ tó yí ọpọlọ ká sì gba 10 tó kù. Bí ọ̀kan bá pọ̀ sí i, òmíràn gbọ́dọ̀ dín kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìfúnpá inú agbárí yóò gòkè. Nígbà tí ọpọlọ bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, omi yẹn á sún lọ sí ìhà ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ inú àwọn iṣan tó ń padà sí ọkàn á fún un láyè, ìfúnpá kò sì ní yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí àyè ìpamọ́ yìí bá tán ni wíwú díẹ̀ péré á mú kí ìfúnpá fò sókè lójijì. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣọ́ ìfúnpá nìkan ń ṣọ́ ohun tó máa ń kẹ́yìn dé. Ohun tí ì bá wù wá jù láti mọ̀ ni iye àyè tó ṣẹ́ kù. Ọ̀rọ̀ ọmọ jòjòló nìkan ló yàtọ̀ díẹ̀, torí pé àwùjẹ̀ rẹ̀ kò tíì dí: bí ọmọ náà bá wà ní ìjókòó tí kò sì sunkún, ọwọ́ tí a rọra gbé lé e lè mọ̀ bóyá ó yọ síta tó sì le, tàbí ó tẹ́jú.

Wíwú náà kì í sì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ní 1967, Igor Klatzo pín in sí ọ̀nà méjì tí a ṣì ń lò: èyí tí omi ń jò láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ògiri rẹ̀ ti bàjẹ́, àti èyí tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fúnra wọn ń fa omi mu nítorí pé agbára tí wọ́n fi ń tì í jáde ti tán. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán, torí pé oògùn tó ran ẹnì kan lọ́wọ́ lè pa ẹlòmíràn lára. Oògùn dexamethasone máa ń dín omi tó yí kókó inú ọpọlọ ká kù, débi pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa lè máa bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwádìí CRASH dán oògùn mìíràn láti inú ẹbí kan náà wò lára àwọn tí orí wọn fara pa, tí àwọn tó kópa sì ju 10,000 lọ, èsì tó jáde ní 2004 fi hàn pé àwọn tó gba oògùn náà kú ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ohun tó fa wíwú ló tún máa ń sọ ìgbà tó yẹ kí ojú wa le jù. Ti àrùn rọpárọsẹ̀ tó dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá sábà máa ń le jù láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́; wákàtí díẹ̀ lè yí ohun gbogbo padà fún un.

Kí n tó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ohun tí kò lu agbárí, ó yẹ kí n bọ̀wọ̀ fún èyí tó ń lù ú. Àwọn oníṣègùn méjì ní ilẹ̀ Faransé, Guillaume àti Janny, ròyìn ní 1951 bí wọ́n ṣe ń wọn ìfúnpá inú agbárí láìdáwọ́ dúró, Nils Lundberg ní Sweden sì sọ ọ́ di iṣẹ́ tó ṣeé gbára lé ní 1960. Wọ́n á lu ihò kékeré, wọ́n á ti túùbù tẹ́ẹ́rẹ́ dé ibi tí omi ọpọlọ ń gbé, tàbí kí wọ́n fi wáyà tó ní ohun ìwọ̀n lórí sínú ọpọlọ gan-an. Ìwọ̀n mílímítà mẹ́kúrì ni a fi ń kà á, bíi ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀: 7 sí 15 ni ti àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá tó sì dùbúlẹ̀, ìlànà Brain Trauma Foundation, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún àwọn tí ọpọlọ wọn fara pa, ti 2016 sì sọ pé kí a tọ́jú ohun tó bá ti ju 22 lọ lára ẹni tí orí rẹ̀ fara pa gidigidi. Bí a bá yọ nọ́ńbà yìí kúrò nínú ìpíndọ́gba ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, a ó mọ agbára tó ń ti ẹ̀jẹ̀ wọnú ọpọlọ, èyí tí a máa ń fẹ́ kó wà láàárín 60 sí 70. Túùbù náà tún lè fa omi jáde nígbà tí nǹkan bá le, kò sì sí ẹ̀rọ àtìta kankan tó lè ṣe ìyẹn.

Àmọ́ kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ lè ya níbi tí túùbù gbà wọlé, kòkòrò àrùn lè tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé dókítà tó mọ iṣẹ́ náà wà nítòsí. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dì dáadáa, irú bí àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀ tí mo mẹ́nu bà yẹn, wà lára àwọn tí ọpọlọ wọn lè wú kíákíá jù, àwọn kan náà ni lílu agbárí sì léwu fún jù. Ohun kan tún wà tí a kì í sọ tó: nọ́ńbà tó dára lè tanni jẹ. Bí wíwú bá wà lápá kan, pàápàá nítòsí ẹ̀bátí, ọpọlọ lè ti máa ti ara rẹ̀ sọ́dọ̀ apá kejì tàbí sísàlẹ̀ nígbà tí ìwọ̀n ìfúnpá ṣì wà níbi tó dára. Ẹni tó bá ń wo ẹ̀rọ náà nìkan láìwo ojú aláìsàn kò ní í tètè mọ̀.

Ìtọ́jú fúnra rẹ̀ ní aago tirẹ̀. Gbígbé orí ibùsùn sókè dé nǹkan bíi dígírì 30, kí ọrùn sì tọ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè rí ọ̀nà padà sí ọkàn, ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí a ṣe ń tètè gbàgbé rẹ̀ nígbà tí a bá ń yí aláìsàn padà tàbí tí a bá ń gbé e lọ fún síkáànì. Mannitol, tí a ń fún ní ìwọ̀n gírámù 0.25 sí 1 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan, àti omi iyọ̀ tó le, ń fa omi kúrò nínú ọpọlọ sínú ẹ̀jẹ̀. Agbára wọn máa ń hàn láàárín wákàtí kan, ó máa ń wà fún wákàtí mélòó kan, ó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Bí a bá ń fún aláìsàn ní mannitol léraléra, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè wọnú ọpọlọ níbi tí ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ti bàjẹ́, kí ó sì máa fa omi padà sínú ibi tí a fẹ́ kó ti jáde. Bí ẹ̀rọ mímí bá mú kí aláìsàn máa mí kíákíá, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ á súnkì, ìfúnpá á sì wálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọpọlọ á dín kù pẹ̀lú, nítorí náà ìgbà díẹ̀ ni a fi ń lò ó. Gbogbo èyí túmọ̀ sí pé ìwọ̀n tí a kọ sílẹ̀ láìkọ wákàtí tí oògùn wọlé mọ́ ọn kò sọ nǹkan kan. Ìdajì wákàtí lẹ́yìn mannitol, aláìsàn tó dára lè jẹ́ aláìsàn tí oògùn ń gbé ró. Wákàtí márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, dídára kan náà jẹ́ ìròyìn ayọ̀ gidi.

Ojú ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Iṣan tó ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ pé kí ọmọlójú súnkì nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí i gba ibi tóóró kan kọjá nísàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí ọpọlọ tó bá wú lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ìdí nìyí tí ọmọlójú kan fi máa ń gbòòrò, tí kì í sì í dá ìmọ́lẹ̀ lóhùn mọ́, nígbà tí ọpọlọ bá ń ti ara rẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tọ́ọ̀ṣì àti ojú nọ́ọ̀sì nìkan la fi ń wò ó, a ó sì kọ "ó ń yára" tàbí "ó ń lọ́ra" sílẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohun tí èmi pè ní lílọ́ra lè jẹ́ yíyára lójú ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú sì máa ń sọ gbogbo ojú di olójú lílọ́ra. Ẹ̀rọ kékeré kan ti wà báyìí tí a ń gbé síwájú ojú, tó ń tan ìmọ́lẹ̀ kan náà nígbà gbogbo, tó ń ya àwòrán ọmọlójú léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tó sì ń wọn bó ṣe tóbi tó, bó ṣe súnkì tó àti bó ṣe yára tó. Ó máa ń pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí máàkì kan láti 0 dé 5, a sì máa ń ka ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 3 sí èyí tí kò dára. Ìwádìí ORANGE, tó jáde ní 2023 lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ àwọn aláìsàn ní orílẹ̀-èdè mélòó kan, fi hàn pé máàkì tó wálẹ̀ ń bá àtúnbọ̀tán tí kò dára rìn.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀rọ yìí kì í ṣe máàkì náà gan-an. Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé ó ń sọ ìyàtọ̀ tó kéré ju èyí tí ojú mi lè rí lọ. Ọmọlójú tí máàkì rẹ̀ ń bọ̀ láti 4.3 sí 3.9 sí 3.4 láàárín òru kan kò tíì kọjá ààlà kankan, tọ́ọ̀ṣì á sì máa sọ pé ó dára, ṣùgbọ́n ìrìn yẹn ti tó kí a jí dókítà. Bí wọ́n bá sì fún un ní mannitol tí ó gòkè padà, a ti rí ìdáhùn tí à ń wá. Oògùn ìrora irú bíi morphine máa ń mú kí ọmọlójú kéré, ojú tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún rí sì lè má yí padà rárá, nítorí náà ó yẹ kí a mọ bí ojú aláìsàn ṣe rí kí àìsàn tó dé.

Ọ̀nà kejì tún gba ojú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wò. Iṣan ìríran tó so ẹyinjú mọ́ ọpọlọ kì í ṣe iṣan lásán. Apá kan ọpọlọ ni, awọ tó wé ọpọlọ wé òun náà, omi tó yí ọpọlọ ká sì ń dé inú awọ yẹn. Bí ìfúnpá inú agbárí bá gòkè, omi á ti awọ náà síta, ibi tó sì ti máa ń fẹ̀ jù ni nǹkan bíi mílímítà 3 sí ẹ̀yìn ẹyinjú. Ẹ̀rọ ultrasound, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún, tó sì ti wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, lè rí i. A ó pa ìpéǹpéjú dé, a ó fi jẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ sí i, a ó gbé orí ẹ̀rọ náà lé e láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ rárá, a ó sì wọn ìbú awọ náà lójú méjèèjì. Agbára ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ nítorí ẹyinjú, a kì í sì í ṣe é fún ẹni tí ẹyinjú rẹ̀ ti ya tàbí tí ó ṣeé ṣe kó ti ya. (Àwọn ẹbí kì í fẹ́ràn láti rí jẹ́ẹ̀lì yẹn lójú èèyàn wọn. Ó yẹ kí a ṣàlàyé kí a tó bẹ̀rẹ̀.)

Ibo ni ààlà wà? Ibí yìí ni àwọn oníwádìí kò ti fẹnu kò. Àwọn kan ní mílímítà 5, àwọn kan ní ó dín díẹ̀, àwọn mìíràn sún mọ́ 6. Tí a bá rántí pé ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ ẹni méjì tó ń wọn ojú kan náà lè tó ìdá mílímítà méjì tàbí mẹ́ta nínú mẹ́wàá, a ó rí i pé ẹni tó bá ń fi 5.2 àti 5.0 ṣe ìdájọ́ ń ṣèdájọ́ lórí bóyá ọwọ́ gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ẹni kan náà bá wọn aláìsàn kan náà, tó bá 6.3 kí oògùn tó wọlé, tó bá 5.6 lẹ́yìn wákàtí kan, tó sì tún bá 6.2 lọ́jọ́ kejì, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣe àríyànjiyàn nípa ààlà mọ́. Ìkìlọ̀ kan ṣì wà: bí ìfúnpá bá ti ga jù, awọ náà lè nà débi pé kì í tètè padà sí bó ṣe wà. Nígbà náà, fífẹ̀ rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ìtọ́jú kò ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ ohun èlò mìíràn.

Ohun èlò mìíràn tí mo máa ń rò lọ́kàn nígbà yẹn ni Doppler. Rune Aaslid àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1982 pé ìró tó rìn ní 2 megahertz lè gba ibi tí egungun ti fẹ́lẹ́ ní ẹ̀bátí wọlé, kí ó sì gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú àwọn iṣan ńlá ọpọlọ. Ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ wọlé nígbà tó bá lù. Nígbà tó bá sinmi, ẹ̀jẹ̀ ṣì yẹ kó máa ṣàn, bó tilẹ̀ rọra. Bí ìfúnpá inú agbárí bá ń gòkè, ìṣàn ìgbà ìsinmi yìí ni yóò kọ́kọ́ dín kù. Ìgbì ìṣàn ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ ń yà, tó máa ń ní òkè jẹ́jẹ́ àti àfonífojì tí kò jìn á wá di èyí tó yọ ṣóṣóró sókè tó sì já wálẹ̀ kíákíá. Bó bá burú jù, ẹ̀jẹ̀ á máa wọlé, á sì máa padà jáde láìdé ibi kankan. Nọ́ńbà kan tó ń fi ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ wé ìpíndọ́gba wà, 1.2 sókè sì máa ń mú kí a fura. Àmọ́ nọ́ńbà yẹn ń yí padà pẹ̀lú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú bí ọkàn ṣe ń yára sí, àti pẹ̀lú ìwọ̀n afẹ́fẹ́ carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀bátí àwọn èèyàn kan sì nípọn débi pé ìró kò lè wọlé rárá. Doppler dára jù fún fífi ọkàn ẹni balẹ̀ pé kò tíì sí wàhálà ju fún sísọ iye ìfúnpá lọ, ó sì ń béèrè ọwọ́ tó ti kọ́ṣẹ́, èyí tí kì í sábà wà lóru.

Ìtàn kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kì í sú mi. Sérgio Mascarenhas, onímọ̀ físíìsì ará Brazil tó kú ní 2021, ti dàgbà nígbà tí wọ́n sọ fún un pé omi ń kóra jọ sínú ọpọlọ rẹ̀, wọ́n sì fi túùbù sí i lórí láti máa fa omi náà kúrò. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá a lè wọn ìfúnpá láìlu agbárí, wọ́n sì ní kò ṣeé ṣe torí pé agbárí kì í fẹ̀. Iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fi hàn pé ó ń fẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré débi pé ẹ̀rọ tó ń wọn ìyípadà tó kéré ju ìbú irun orí lọ nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni ohun ìwọ̀n tí a ń dè mọ́ orí ti jáde, tó ń ya ìrísí ìgbì tí ìlù ọkàn kọ̀ọ̀kan ń dá sílẹ̀ nínú agbárí. Ìgbì náà ní ṣóńṣó mẹ́ta. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, ti àkọ́kọ́ ló ga jù, ṣùgbọ́n bí àyè inú agbárí bá ti ń tán, ti kejì á gòkè kọjá rẹ̀. Kò sọ iye ìfúnpá fún wa. Ohun tó ń sọ ni bí àyè tó ṣẹ́ kù ṣe rí, lójú tèmi ìyẹn sì sàn ju nọ́ńbà lọ, nítorí pé ó lè kìlọ̀ kí fífò òjijì yẹn tó dé.

Àwọn yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu mi. Wọ́n ti gbìyànjú láti fi bí ìlù etí ṣe ń mì mọ ìfúnpá. Ó wúlò fún ìwádìí ju fún wọ́ọ̀dù lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó kọjá pupa díẹ̀, tí ojú kò lè rí, tó ń gba iwájú orí wọlé, èyí tí Frans Jöbsis ṣàlàyé rẹ̀ ní 1977, ń sọ nípa ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ apá iwájú ọpọlọ nìkan. EEG, ẹ̀rọ tó ń ka iná mànàmáná inú ọpọlọ, ń mú gìrì tí kò hàn lára, èyí tó ṣe pàtàkì torí pé gìrì lè mú kí wíwú le sí i. Síkáànì CT ń fi hàn bóyá àárín ọpọlọ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àti bóyá àwọn àyè omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dí, àmọ́ ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ló yà, a sì gbọ́dọ̀ gbé aláìsàn tí ẹ̀rọ ń mí fún kúrò lórí ibùsùn rẹ̀ kí a tó lè yà á.

Àgbà gbogbo wọn ni àyẹ̀wò tí a ń ṣe pẹ̀lú ohùn àti ọwọ́. Graham Teasdale àti Bryan Jennett gbé òṣùwọ̀n Glasgow jáde ní 1974, láti 3 dé 15: ṣé ojú là, ṣé ó sọ̀rọ̀, ṣé ó ṣe ohun tí a ní kó ṣe? Máàkì 2 tó bá já wálẹ̀ láàárín wákàtí kan máa ń dẹ́rù bà mí ju ohunkóhun tí ẹ̀rọ lè sọ lọ. Àmì mẹ́ta tí Harvey Cushing ṣàpèjúwe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ gòkè, kí ọkàn máa lù lọ́ra, kí èémí má sì lọ déédéé mọ́, òótọ́ ni, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó dé. Ẹni tó bá ń dúró dè é ti jẹ́ kí ọjọ́ lọ. Lára ẹni tí wọ́n ti gé apá kan agbárí rẹ̀ kúrò kí ọpọlọ lè rí àyè, ọwọ́ nìkan ti tó láti mọ ohun púpọ̀: ibẹ̀ lè rọ̀, ó lè le, ó lè rì wọnú, ó sì yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá gba iṣẹ́.

Àwọn kan máa ń tọ́ka sí ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Bolivia àti Ecuador, tó jáde ní 2012, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé kò sí ìdí láti wọn ìfúnpá. Àwọn 324 tí orí wọn fara pa gidigidi ló kópa. Wọ́n tọ́jú àwọn kan pẹ̀lú nọ́ńbà láti inú agbárí, wọ́n tọ́jú àwọn yòókù pẹ̀lú síkáànì àti àyẹ̀wò ara. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 39 nínú 100 ló kú lápá kìíní, 41 nínú 100 lápá kejì, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Èmi kò kà á bí àwọn tó ń tọ́ka sí i ṣe ń kà á. Kò sí ẹni tí wọn kò ṣọ́ nínú ìwádìí yẹn. Àwọn tí kò ní túùbù ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ̀ wọ́n wò léraléra, tí wọ́n sì ní ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Ohun tó kọ́ mi ni pé ìṣọ́ra tó ní ètò, láìlu agbárí, lè gbé ìtọ́jú ró. Kò sọ pé a lè máa fún èèyàn ní mannitol ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà láìwo ojú rẹ̀.

Ìwúlò ọ̀rọ̀ yìí ga jù níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò lu agbárí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn ọmọdé tí ibà ti wọ ọpọlọ wọn ní Blantyre, ní Màláwì, jáde ní 2015: nínú àwọn ọmọ 25 tó kú, MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ, fi hàn pé ọpọlọ àwọn 21 ti wú gidigidi. Wíwú náà sì rọlẹ̀ lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yè. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ultrasound ojú àti Doppler ń wúlò fún, nítorí pé MRI kò ṣeé gbé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, bó bá tilẹ̀ wà.

Tí mo bá ní àṣẹ lórí ìwé àkọsílẹ̀ wọ́ọ̀dù, ohun tí màá fi kún un kò pọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí a kọ iye wákàtí tó ti kọjá láti ìgbà tí oògùn wọlé, bí orí ibùsùn ṣe ga tó, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìgbà yẹn, ojú tí a wọ̀n, àti ẹni tó wọ̀n ọ́n. Kí ìwọ̀n kan wà kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé láìsí ìyẹn kò sí ohun tí a ó fi èyí tó tẹ̀ lé e wé. Bí ohun méjì tí kò jọra, ká ní ọmọlójú àti ìgbì Doppler, bá yí padà sọ́nà kan náà, kí a pe dókítà láìdúró de ẹ̀kẹta. Bí wọ́n bá tako ara wọn, kí a kọ́kọ́ wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ mímí àti oògùn oorun, lẹ́yìn náà kí a tún wọn ọ́n.

Ó sì yẹ kí ìgbà wà tí a ó dáwọ́ dúró, ohun tí ìlànà kì í sábà sọ dáadáa. Lójú tèmi, kì í ṣe ìgbà tí nọ́ńbà bá kọ́kọ́ dára. Ó jẹ́ ìgbà tí a bá ti dín oògùn kù, tí agbára èyí tó kẹ́yìn ti tán, tí ọjọ́ tí irú wíwú yẹn máa ń le jù ti kọjá, tí ohun tí à ń wọ̀n kò sì yí padà. Láti wákàtí kan a ó lọ sí méjì, láti méjì sí mẹ́rin. Nígbà tí aláìsàn bá ti lè la ojú nígbà tí a pè é, tó ń fún ọwọ́ mi mọ́ra nígbà tí mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, tó sì ń mọ àwọn èèyàn rẹ̀, mo máa ń nu jẹ́ẹ̀lì kúrò lójú rẹ̀, mo sì máa ń gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.